Àkàtàǹpó: Ibo Lòyìnbó Ti Rí Orúkọ Crossbow?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Abuja, Minna, Kaduna, gbogbo Òkè Ọya pátá. Nǹkan ìjà tẹ́ẹ máa ń rí nínú fíìmù ogun, tí wọ́n ń gbé bí ìbọn àmọ́ tó jẹ́ ọfà ló ń ta, crossbow lòyìnbó ń pè é, àwa ní tiwa àkàtàǹpó la ń pè é, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká máa lò ó.

Ẹ fojú inú wò ó. Igi gbọọrọ rèé, ọrun wá dábùú lé e lórí bí àgbélébùú. Ibi tórúkọ ti wá nìyẹn. Cross ni kí nǹkan dábùú ara wọn, bow ni ọrun, láàrin ọdún 1400 sí 1500 làwọn Gẹ̀ẹ́sì so méjèèjì pọ̀.

Àmọ́ ohun ìjà yẹn ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Arbalète làwọn Faransé ń pè é, inú èdè Látìn ló ti wá, arcus ni ọrun, ballista ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ju òkúta lójú ogun. Àwọn Jámánì gba ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n yí i lẹ́nu títí ó fi di Armbrust, bí ẹni ń sọ pé apá àti àyà! Ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, wọ́n bá a níbi sàréè ọba Qin Shi Huang nítòsí Xi'an, ó ti lé ní 2,000 ọdún.

Kí ló wá fi ju ọrun lásán lọ? Baka, ìyẹn ọrun táwọn ọdẹ Hausa ń gbé kọ́ èjìká yẹn, tóo bá ti fà á, apá rẹ ló máa dì í mú títí wàá fi ta á, ó sì máa ń ro apá. Ti àkàtàǹpó, wàá fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun, sẹ́yìn, wàá fi kọ́ eyín tí wọ́n gbẹ́ sára igi, á dúró síbẹ̀, ìwọ á wá fara balẹ̀ wo ẹran dáadáa. Láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀yà Fang ní Gabon máa ń la igi tiwọn sí méjì láti ẹ̀yìn, tí wọ́n bá fún un pọ̀, èèkàn kékeré kan á ti ọsán kúrò lójú eyín, ọfà ti lọ nìyẹn!

Ìdí nìyẹn tẹ́ni tí ò kọ́ṣẹ́ ọfà púpọ̀ fi lè pa jagunjagun ńlá. Lọ́dún 1139 ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Róòmù fòfin de lílò ó sí Kristẹni bíi tiwọn, ta ló gbọ́? Lọ́dún 1199 ni wọ́n ta Richard ọba England léjìká ní Châlus nílẹ̀ Faransé, egbò yẹn ló pa á.

Ẹ bá mi bi àwọn bàbá ọdẹ tẹ́ ẹ mọ̀, àwọn ará Kabba, àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Kubwa àti Nyanya, orúkọ tí wọ́n ń pe àkàtàǹpó nílé tiwọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.