Bí a ṣe ń fi lẹ́ǹsì àtijọ́ tí kò ní coating ya fọ́tò nínú oòrùn Òṣogbo

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Aago méje ti lọ díẹ̀, àgbàlá ìyá aláró kan la wà níbí ní Òṣogbo. Màmá ti gbà wá láyè ká máa ya fọ́tò. Àrẹ̀dú o, Mà!

Lẹ́ǹsì ọwọ́ mi yìí, Elmar 50mm ti ilé iṣẹ́ Leitz ní Jámánì ni, wọ́n ti ṣe é kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Kò sí coating lójú dígí rẹ̀, ìyẹn ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà. Ọdún 1935 ni Olexander Smakula ṣàwárí ọ̀nà rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Zeiss, ní Jena ní Jámánì, ẹ̀yìn ogun ló tó wọ́pọ̀.

Ojú dígí lásán kọ̀ọ̀kan tó bá kan afẹ́fẹ́ máa ń ta nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Dígí mẹ́rin ló wà nínú Elmar, wọ́n lẹ méjì pọ̀ nínú wọn, ó wá ku ojú mẹ́fà tó kan afẹ́fẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ 100 bá wọlé, nǹkan bí 78 ló gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Nínú ìyókù, òmíràn padà síta, òmíràn ń ta síwá sẹ́yìn láàárín àwọn dígí títí yóò fi bọ́ síbi tí a kò rán an. Òun ló ń sọ dúdú di eérú. Àṣìṣe lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Èmi gbà pé ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé darí ni, ohun tí mo sì fẹ́ kọ́ yín lónìí nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ lẹ́ǹsì yín wò. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù. Tí iná tó hàn lójú dígí bá funfun bí iná gan-an, dígí lásán ni. Tó bá rí bí elésèé àlùkò tàbí búlúù, ó ní coating. Ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan kò tó láti fi dájọ́, torí wọ́n máa ń mú lẹ́ǹsì àtijọ́ lọ fi coating sí lẹ́yìn ogun. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn. Lásìkò òjò, ẹ tọ́jú lẹ́ǹsì sínú ike tó ní ìdérí dáadáa, kẹ́ ẹ fi àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, kí wọ́n máa fa ọ̀rinrin.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ló gorí dígí tó fi ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan bó o. Láti àwọn ọdún 1890 ni Dennis Taylor, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kíyè sí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú irú lẹ́ǹsì tó ṣá bẹ́ẹ̀ kọjá ju tuntun lọ.

Ẹ fi adápítà M39, ìyẹn òrùka tó bá ẹnu lẹ́ǹsì yìí mu, so ó mọ́ kámẹ́rà. Ẹ fa ọrùn lẹ́ǹsì síta, kẹ́ ẹ yí i kó há. Lórí kámẹ́rà ìgbàlódé, ẹ má tì í padà wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ lè lọ kan nǹkan nínú. Nọ́ńbà ayé àtijọ́ ló wà lójú rẹ̀ fún bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré: 3.5, 4.5, 6.3, 9, 12.5, 18.

Ó kan ìbòjú, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣíji bo ojú lẹ́ǹsì. Ẹ ká páálí dúdú bí ìwé tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, kí ẹnu rẹ̀ tó gbòòrò kọjú síta. Síbẹ̀, ọwọ́ yín ṣe pàtàkì ju páálí lọ. Ẹ wo ojú kámẹ́rà mi báyìí. Oòrùn wà lápá òsì. Ẹ wo ìkòkò aró yẹn, ó rí bí eérú. Mo gbé ọwọ́ òsì mi sókè, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀... ẹ rí i? Ìkòkò dúdú padà. Òjìji ọwọ́ mi ti bọ́ sójú dígí. Mo tún sún un kúrò díẹ̀: ìdajì eérú, ìdajì dúdú. Ibi tí mo fẹ́ gan-an nìyí. Ẹ fi odidi ọ̀sán kan ṣe ìyẹn nìkan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé lẹ́ǹsì yìí lọ síbi ìgbéyàwó, mo kọjú sí fèrèsé, mi ò sì fọwọ́ bò ó. Gbogbo fọ́tò ìyàwó ló funfun bí ẹni da ẹ̀kọ lé e lórí. Ó dùn mí títí dòní.

Níbo ló ti wúlò jù? Nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Bó bá di ọ̀sán, oòrùn á gba àárín ewé bà lé àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ. Lẹ́ǹsì òde òní á sọ ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ò dé di èédú. Dígí lásán máa ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún ojú èèyàn dúdú nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ sáà má jẹ́ kí ojú ọ̀run wọ inú fọ́tò láàárín ewé.

Ẹ lo RAW, ìyẹn fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Ẹ gbé exposure, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò ń gbà, wálẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kó dín sí ìdajì), kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù má bàa jóná. Tó bá jẹ́ mítà ọwọ́ lẹ fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta stop kún un, torí kò mọ̀ pé dígí ti jẹ díẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fa dúdú wálẹ̀ ní ìwọ̀nba. Tẹ́ ẹ bá fà á tán, kí lẹ wá gbé lẹ́ǹsì àtijọ́ fún?

Màmá ti ki aṣọ bọnú aró. Ní àwọ̀ ewé ló máa jáde, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Mo fi sí 6.3, oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ mi ti wà lókè. Ó ń bọ̀... ẹ wo omi tó ń kán sílẹ̀ yẹn, ẹ wo èékánná Màmá bó ṣe dú, síbẹ̀ ẹ ṣì ń rí ìlà inú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo ti tẹ̀ ẹ́.