Nígbà Tí Atamátàsé Bá Ń Tàsé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi etí kan gbọ́ mi, tí wọ́n sì ń fi ojú kan wo iye góòlù lórí fóònù. N kò bínú.

Atamátàsé ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa máa ń pe ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, a sì ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ẹni tó ta ọfà tí kò tàsé. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n gbèsè ni lọ́rùn ẹni tó ń jẹ́ ẹ kó tó wọ pápá rárá. Rashidi Yekini tí a fi ń wọn gbogbo àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, góòlù 37 ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 58 fún Nàìjíríà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó kéré tán, ọjọ́ 21 ni Yekini wọ pápá tó sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ń gbá iwájú kò balẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá máa ń gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe kàn án lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á kọ́kọ́ máa ń dá a dúró, á tún un tẹ̀, á gbójú sókè wo aṣọ́lé, nígbà tó bá sì fi ṣe tán, ẹni méjì ti dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Bó bá pẹ́ sí i, kò ní sáré dé ẹnu ilé mọ́; á máa rìn lọ síbi igun, á máa fi bọ́ọ̀lù tó yẹ kí òun gbá fún ẹlòmíràn, nítorí ẹni tí kò gbá kò lè tàsé. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, òkò ìbẹ̀rùjù náà kì í pa á. Àwa tí a jókòó ni a sì sábà máa ń dá ẹ̀rù yìí sí i lára, a ó tún wá máa sọ pé ayé ti di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2018 tí Nàìjíríà pàdé Ajẹntínà ní Saint Petersburg nínú Ife Àgbáyé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ìbàdàn ni mo wà, lórí bẹ́ǹṣì, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri. Ọ̀mì 1–1 ti tó láti gbé wa kọjá. Bọ́ọ̀lù kan tí Marcos Rojo ti Ajẹntínà fi orí kàn bà á lọ́wọ́, ó já bọ́ síwájú Odion Ighalo, atamátàsé wa, Ighalo sì gbá a síta. Rẹfirí lọ wo fídíò, ó ní kì í ṣe pẹ́nálítì. Kò pẹ́, Ighalo tún rí àyè, aṣọ́lé dènà rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 86, Rojo kan náà ló gbá góòlù tó lé wa sílé. Baba kan tó ń lẹ táyà, tí òun àti èmi jọ jókòó, ṣí fìlà lórí, ó là á mọ́lẹ̀, ó ní, “Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù Nàìjíríà mọ́ láyé!” Èmi náà bú u, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n èébú wa kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ighalo fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé àwọn ènìyàn ń halẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti pa òun, wọn kò sì yọ aya àti ọmọ òun sílẹ̀. Kí ni ọmọ kékeré ṣe nínú bọ́ọ̀lù tí bàbá rẹ̀ gbá síta?

Mo rí i pé ẹ̀wù búlúù pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, nítorí náà ẹ ó rántí Fernando Torres. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011 ni Chelsea san mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn lórí rẹ̀ fún Liverpool, ìṣẹ́jú 903 ló sì lò lórí pápá kó tó ju bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n fún wọn. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ni, West Ham ni wọ́n ń bá gbá, òjò sì ti mú omi dúró káàkiri pápá. Bọ́ọ̀lù tí Anelka fún un há sínú omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó yí padà, ó gbá a wọlé. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lọ bò ó mọ́lẹ̀, àwọn èrò sì hó bí ẹni pé ife ni wọ́n gbà, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ti ń borí tẹ́lẹ̀.

Ṣé Torres wá padà di Torres ti Liverpool? Rárá o. Góòlù 20 péré ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 110 fún Chelsea. Sùúrù kì í ṣe oògùn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa yin ẹni tí kò gbá a dáadáa. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní kó lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí a máa wo iṣẹ́ yòókù tó ń ṣe. Ní Munich, nínú àṣekágbá Champions League ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Bayern ti ń fi 1–0 na Chelsea, eré sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nígbà tí Torres tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé sáré dé igun tó sì gba kọ́nà. Kọ́nà yẹn ni Mata gbá tí Drogba fi orí kàn wọlé. Orúkọ Drogba ni gbogbo wa ké lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti Ighalo, Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà nígbà náà, kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 kan náà, ó gbá góòlù mẹ́ta wọ ilé Líbíà ní Uyo, ìyẹn lábẹ́ ojú àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì tún gbá méjì sí i wọ ilé wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a dé Íjíbítì fún Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2019, góòlù márùn-ún ló gbá wọlé, méjì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a fi 3–2 na Kamẹrúùnù, òun ló sì gbapò kìn-ín-ní nínú àwọn tó gbá góòlù jù lọ. Lẹ́yìn èyí ló kéde pé òun kò gbá fún Nàìjíríà mọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo gbé táyà lọ lẹ̀ lọ́dọ̀ baba onífìlà. Ó fi táyà náà sínú omi, ó ń wá ibi tó ti jò, ó sì bi mí láìgbójú sókè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yẹn kò lè tún un rò ni?”