Ta Ló Jẹ Àdìrẹ Mi?

Ẹ káàbọ̀. Ẹ sún mọ́ aṣọ ọwọ́ mi yìí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta ni mo ti rà á. Èmi fúnra mi ni mo ká a tútù-tútù sínú ọ̀rá, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ títí òjò fi dá. Ẹ wò ó, mo kàn fi ìka tì í báyìí... ó ya. Bí ewé gbígbẹ.

Mọ̀lẹ́bí olú ló jẹ ẹ́, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì bu. Kò lẹ́nu, kò níkùn. Ìta ara ẹ̀ ló ti ń da oúnjẹ: á tu ẹ́ńsáímù, ìyẹn oje tó ń tú oúnjẹ, sórí òwú, oje náà á gé òwú wẹ́wẹ́, òun á wá fa ṣúgà inú ẹ̀ mu.

Ṣúgà kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o. Láfún tí àwọn ìyá aládìrẹ ń sè bí ẹ̀kọ láti fi ya ọnà, àti òwú aṣọ fúnra ẹ̀, ṣúgà kan náà tó ń jẹ́ glúkóòsì ni wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú méjèèjì. Bí wọ́n ṣe sín in ló yàtọ̀. Ti láfún rọrùn fún ikùn wa láti tú. Ti òwú, tó ń jẹ́ sẹ́lúlóòsì, bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá kọjú sókè, èkejì á dojú délẹ̀. Okùn wọn á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra gbágbágbá. Ìyẹn la fi ń jẹ àmàlà láfún, tí ṣòkòtò ò sì ṣeé jẹ.

Oríṣi ẹ́ńsáímù mẹ́ta ló ń tú sẹ́lúlóòsì yìí. Ọ̀kan á já okùn láàárín. Ìkejì á mú ojú ibi tó já, á máa gé e ní méjì-méjì. Ìkẹta á wá ya méjì-méjì yẹn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta yìí ni mo gba tiẹ̀ jù: bí kò bá sí ńbẹ̀, méjì-méjì á kún ilẹ̀, á dí àwọn tó kù lọ́wọ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní erékùṣù Solomon, aṣọ òwú àwọn sójà Amẹ́ríkà ń jẹrà. Ara aṣọ yẹn ni wọ́n ti rí olú kan tí wọ́n wá sọ ní Trichoderma reesei lọ́dún 1977, nítorí Elwyn Reese tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa dá dúró ni wọ́n wá ń sìn nínú táǹkì ńlá lónìí. Ẹ́ńsáímù ẹ̀ ló ń mú jíìnsì ṣá dípò òkúta tí wọ́n máa ń fi fọ̀ ọ́. Òun náà ló ń sọ pòròpórò àgbàdo di ṣúgà tí wọ́n fi ń pọn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo mọ́tò.

Igi le ju òwú lọ ṣá o, nítorí lígínìn, ohun líle tó bo sẹ́lúlóòsì ẹ̀. Olú mìíràn ló mọ ọwọ́ ìyẹn.

Tèmi, mo ti gé ibi tó ṣì dáa lára àdìrẹ yìí. Ó ń bẹ lórí okùn níta, nínú oòrùn.