Owó Bodè Mọ́tò: Kí Ló Ń Lé Ilé-Iṣẹ́ Lọ, Kí Ló Ń Fà Á Padà?

Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò nílẹ̀: ìlú tó ṣe mọ́tò kọ́ ló ń san owó bodè. Ẹni tó kó o wọ Amẹ́ríkà ló ń san án fún aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, iye tó sì ra ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Bóyá ó máa gbé e lé oníbàárà lórí ni o, bóyá ó máa gbé e mì fúnra rẹ̀ ni o, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ́tò akérò ń san ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Píkọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀sì akẹ́rù ń san 25. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, adìyẹ ló dá a sílẹ̀. Jámánì, Faransé àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù bu owó lé adìyẹ Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Ààrẹ Lyndon Johnson gbẹ̀san, ó bu owó lé búráńdì, sítáàṣì ọ̀dùnkún, dextrin (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi sítáàṣì ṣe) àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ti àwọn yòókù ti kúrò tipẹ́. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ṣì wà.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n rà ní 20,000 dọ́là, akérò yóò san 500, akẹ́rù yóò san 5,000. Níbi tí àlàfo bá tó báyìí, lọ́yà àti ẹnjiníà ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikó ilé-iṣẹ́. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet LUV, tí Isuzu ń ṣe ní Japan, wọlé láìní ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó san ìdá 4, wọ́n wá de ẹ̀yìn náà mọ́ ọn ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1980 ni ìjọba dí ihò yẹn. Subaru de àga oníke méjì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń jẹ́ BRAT kí wọ́n lè pè é ní ọkọ̀ èrò. Ti Ford ló pabanbarì. Wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀sì kékeré kan, Transit Connect, ní Tọ́kì, pẹ̀lú àga ẹ̀yìn àti fèrèsé. Bó bá ti gúnlẹ̀ ní èbúté Baltimore ní Amẹ́ríkà tó sì san 2.5 tán, wọ́n á tú àga ẹ̀yìn dànù, wọ́n á di fèrèsé pa, ó di ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù. Ford pàdánù rẹ̀ ní 2019, ní 2024 wọ́n gbà láti san 365 mílíọ̀nù dọ́là.

Ní 1981, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: Japan ṣèlérí pé mọ́tò tí òun ń kó wá kò ní ju 1,680,000 lọ lọ́dún. Iye mọ́tò ni wọ́n kà, wọn ò ka iye owó. Ẹni tí àyè rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, ọjà olówó ńlá ló máa kó sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Japan fi kọjú sí mọ́tò olówó gọbọi: Acura dé ní 1986, Lexus àti Infiniti ní 1989. Wọ́n sì ń kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò ní Ohio ní 1982, Nissan ní Smyrna, Tennessee, ní 1983, píkọ́ọ̀pù sì ni Nissan kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Àmọ́ Detroit, ojúlé àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà tó ń ké gbàjarè sí ìjọba, kọ́ ni Nissan gbà lọ. Tennessee tó yàn, òfin ibẹ̀ ò gbà kí wọ́n fi dandan gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ apá yìí sókè.

Mẹ́síkò ńkọ́? Àdéhùn òwò NAFTA láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, jẹ́ kí mọ́tò ibẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìdá kan nínú iye rẹ̀, tó dé 62.5 nígbà tó yá, bá ti inú orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. USMCA, àdéhùn tó rọ́pò rẹ̀ ní 2020, gbé e dé 75, ó sì ní kí ìdá 40 iye mọ́tò akérò, 45 fún píkọ́ọ̀pù, ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba ó kéré tán dọ́là 16 ní wákàtí kan wá. Ibi tó ti ń wọ́ nìyí kó tó di 2025: bí àtitẹ̀lé òfin yìí bá máa ná ilé-iṣẹ́ ju 2.5 lọ, yóò san 2.5, yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ. Onípíkọ́ọ̀pù ò tó bẹ́ẹ̀, torí 25 ń dúró dè é.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Trump fi ìdá 25 kún ti gbogbo mọ́tò. Èyí tó bá tẹ̀lé USMCA ń san án lórí apá tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Ká ní mọ́tò Mẹ́síkò kan jẹ́ 30,000 dọ́là, tí 12,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà: ìdá 25 lórí 18,000 jẹ́ 4,500. Àmọ́ Japan ṣàdéhùn ìdá 15 lọ́dún yẹn kan náà. Mọ́tò Japan tó jẹ́ 30,000, tí kò ní ohunkóhun tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà nínú, 4,500 náà ló máa san. Abájọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Detroit fi fárí gá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, General Motors kéde bílíọ̀nù 4 dọ́là fún àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà; ara ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni kí wọ́n máa ṣe mọ́tò Blazer àti Equinox, tí wọ́n ń ṣe ní Mẹ́síkò, ní Tennessee àti Kansas. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò ní fi ìpìlẹ̀ kankan lélẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 2027 ni wọ́n fi sí.