Ìgò Epo Tó Wà Níwájú Adájọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹjọ́ onílé epo tí wọ́n ní ó ta epo àbùlà ni ọ̀rọ̀ òní. Ilẹ̀ Íńdíà ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, kò ní pè é ní ọ̀rọ̀ àjèjì.

Ní Íńdíà, òfin ọdún 1955 ló ń ṣọ́ àwọn ọjà tí ará ìlú kò lè ṣe aláìní. Abẹ́ rẹ̀ ni ìjọba ti gbé àṣẹ lórí bẹntiróòlù àti dísù jáde ní 2005. Ẹni tó bá bu epo là, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Karosíìnì ni wọ́n sábà máa ń fi bù ú là láyé ìgbà náà, torí ìjọba ń bá mẹ̀kúnnù san lára owó rẹ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹ̀mí ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2005, wọ́n yìnbọn pa Shanmugam Manjunath, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo Indian Oil, ní agbègbè Lakhimpur Kheri, nítorí pé ó dúró gbọn-in lórí ilé epo tó ń ta àbùlà. Ọmọ ọdún 27 péré! Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá gbèjà alábùlà.

Ẹ wá wo onílé epo tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Kò di dandan kó jókòó de ìgbẹ́jọ́. Ó lè gba ilé ẹjọ́ gíga lọ pé kí wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà: abala 482 nínú òfin ìlànà ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 1973 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, abala 528 nínú òfin tuntun ni láti oṣù Keje ọdún 2024. Nínú ẹjọ́ olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Bhajan Lal, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kìlọ̀ pé kí adájọ́ máa ṣọ́ agbára yìí lò gan-an.

Kí ni lọ́yà rẹ̀ máa gbé dìde? Ìgò ni. Àṣẹ 2005 ní kí aláṣẹ bu epo sínú ìgò alumíníọ̀mù tó mọ́, kó fi èdìdì dì í, kó bọwọ́ lù ú, kó fi lára àwọn ìgò náà sílẹ̀ fún onílé epo, kó sì fi èyí tí wọ́n máa yẹ̀ wò ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ 10. Ogún ọjọ́ ni ilé àyẹ̀wò ní láti fèsì.

Kí ló dé tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Bẹntiróòlù kì í ṣe omi kànga. Bí ìdérí bá dẹ̀ díẹ̀, èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó ṣẹ́kù á wúwo sí i. Ìgò tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lè fi aláìṣẹ̀ hàn bí alábùlà. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ tó já epo sílẹ̀ ló gbé àbùlà wá, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé kí onílé epo máa tọ́jú díẹ̀ lára epo tó bá inú táńkà wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, bí adájọ́ bá fagi lé ẹ̀sùn torí pé èdìdì ti já, èmi kì í bá adájọ́ bínú. Aláṣẹ tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìgò ló tú olè sílẹ̀, bó bá jẹ́ olè ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré tó lé kọ́ ló yẹ kó pa ẹjọ́ rẹ́, nígbà tí èdìdì ṣì wà bó ṣe wà.

Èmi ìbá fẹ́ kí adájọ́ kọ́kọ́ bi onílé epo léèrè ìgò tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó ṣì wà, ṣé èdìdì rẹ̀ kò tíì já, ṣé ó sì gbà kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò?