Ọjọ́ 1,095

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò gba àlejò kankan lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọdún 1988 ni mo dé Winnipeg, mo sì búra di ọmọ Kánádà ní 1993. Nígbà tí mo lóyún Àbẹ̀kẹ́, mo fárí gá pé ọ̀dọ̀ ìyá mi n'Íbàdàn ni mo ti máa bí i, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ màmá ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni mo bí i sí, ní 1995. Ó pé oṣù mẹ́ta, mo pọ̀n ọ́n padà sínú yìnyín. Èmi jẹ́ ọmọ Kánádà, òun náà jẹ́ ẹ. Mi ò mọ̀ pé ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn ṣì máa di ọ̀rọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹrin 2009, wọ́n yí òfin padà: ìran kan péré ló kù tí wọ́n lè bí sẹ́yìn odi kó ṣì jogún Kánádà. Àbẹ̀kẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Manchester, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó bímọ ní oṣù kẹwàá 2023. Ó pè mí: "Mọ́mì, wọ́n ní ọmọ mi kì í ṣe ọmọ Kánádà." Ó dùn mí wọra. Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé inú yìnyín ìhín ló ti kọ́ ìrìn! Ọ̀pọ̀ òru ni mo fi dá ara mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí abiyamọ fẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, ní tirẹ̀, kò ka ìran. Bí bàbá tàbí ìyá bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, níbikíbi tí wọ́n bá bí ọmọ sí, ọmọ Nàìjíríà ni.

Ohun tí òfin Kánádà ṣe fún wa yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Láti 1947 títí di 1977, ọmọ tí tọkọtaya bá bí sẹ́yìn odi, bàbá nìkan ló lè fún un ní Kánádà. Ti ìyá kò kà. Àìmọye èèyàn ni irú òfin bẹ́ẹ̀ já sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lost Canadians. Ní oṣù kejìlá 2023, adájọ́ kan ní Ontario dá a pé òfin 2009 yẹn kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2025, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ ọmọ mi sì di ọmọ Kánádà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló kù, dọ́là 75.

Àwọn tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ yẹn lọ ńkọ́? Òbí tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tó tún fẹ́ bímọ sẹ́yìn odi, gbọ́dọ̀ ti fi ọjọ́ 1,095 gbé Kánádà kí ọmọ náà tó dáyé. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Èmi fara mọ́ ọn. Ibi tí Àbẹ̀kẹ́ gbé dàgbà ni wọ́n ń béèrè báyìí, wọn ò béèrè ibi tí mo kúnlẹ̀ sí mọ́.

Ó ti tún lóyún. Ní Sátidé, ó ní, "Mọ́mì, ṣé káàdì ilé ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé. Inú páálí bàtà ni wọ́n wà, láti kíláàsì kìíní dé ìkejìlá. Rọ́bà tí mo fi dì wọ́n ti gbó, ó já mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn káàdì kíláàsì kejì, tíṣà kọ ọ́ pé ọjọ́ méjì péré ni kò wá sílé ìwé lọ́dún náà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.