Ọwọ́ Tó Kan Adẹ́tẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará ìjọ wa sọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Abẹ́òkúta nìyí. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti yọ àwàdà díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Òwe ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi parí rẹ̀. "Adẹ́tẹ̀ ní òun ò lè fún wàrà..." (Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn: "ṣùgbọ́n òun lè dà á nù!") Ẹ ṣeun. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ méjì ni adẹ́tẹ̀ sọ, ó fi ọ̀kan purọ́: ó ní nígbà tí òun gbá ọmọ òun lábàrá, òun tún ja á léèékánná. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rín in. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: nínú àwọn òwe yìí, ta ló ń bá adẹ́tẹ̀ sọ̀rọ̀? Kò sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń sọ ọ́. Mi ò ní ká pa òwe rẹ́ o. Mo kàn fẹ́ ká mọ ibi tí a ti ń bọ̀ kí a tó ṣí Bíbélì.

Ẹ wá ṣí Mátíù orí 8, níbi tí adẹ́tẹ̀ kan ti wá bá Jésù. Òfin inú Léfítíkù 13 ní kí adẹ́tẹ̀ máa gbé lẹ́yìn ibùdó, kí ó máa ké "Aláìmọ́, aláìmọ́!" Jésù lè dúró lókèèrè kí ó sọ̀rọ̀, ara ọkùnrin náà ìbá sì dá. Nínú orí kan náà ló ti wo ọmọ ọ̀dọ̀ balógun ọ̀rún sàn láì dé ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ti adẹ́tẹ̀ yìí, ó na ọwọ́, ó fi kàn án. Kí ara rẹ̀ tó mọ́ ni ọwọ́ ti bà á. Àìsàn nìkan kọ́ ló ń ṣe ọkùnrin yẹn. Ta ló mọ ìgbà tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí lónìí. A mọ bí a ṣe ń fún ènìyàn ní nǹkan. Jíjókòó tì í ni a kò mọ̀.

Ní ọdún kan, nínú ìjọ kan tí mi ò ní dárúkọ, alágbe kan wọlé. Àwọn tó ń júwe ìjókòó mú un lọ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a fẹ́ pín ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè síwájú, kí wọ́n lè ya fọ́tò. Jákọ́bù orí 2 ti rí wa tipẹ́: olówó tó wọ òrùka wúrà gba ìjókòó dáadáa, tálákà dúró níbẹ̀ yẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò la ẹnu.

Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ àlejò yé àwa Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ju ẹlòmíràn lọ. Ogun ló lé àwọn baba wa kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n fi bá Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Àwọn Sàró tó tẹ̀ lé wọn bọ̀ láti Sierra Leone jẹ́ ẹni tí wọ́n ti tà, tí wọ́n tún gbà sílẹ̀ lójú òkun. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Abẹ́òkúta níbí ló ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Bí Diutarónómì bá ní kí a fẹ́ràn àlejò torí pé àwa náà ti ṣe àlejò rí, àwa gan-an ló ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pọ́n ara wa jù. Kò pé ogójì ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ìjọ, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, fi ń ní ẹrú àti ìwọ̀fà nínú ilé. Àlùfáà James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson, ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ìjà ńlá ló dá sílẹ̀, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mú un kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1880. Ẹrú àná ti di olówó ẹrú.

Ẹ wo Lántòrò, ní Abẹ́òkúta níbí. Ní 1895, Fadá Jean-Marie Coquard, ará Faransé, dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. 1933 ni Fadá kú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 38. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ nìyẹn, kò sì ní fọ́tò nínú.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àró ńkọ́? Ìjọ kọ́ ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tí orí wọn dàrú wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn. Nígbà náà, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín àgbẹ̀ àti ìyàwó ilé. Ẹni tí ẹlòmíràn máa ń dè mọ́lẹ̀, ó ń bá ènìyàn jẹun.

Ti ẹ̀tẹ̀, oògùn rẹ̀ wà báyìí. Oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n fi ń lò ó, ọ̀fẹ́ sì ni láti 1995. Kò pẹ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kò fi ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ara á sàn, ìka tó ti gé kò ní padà, ará ilé náà lè má gbà á padà. Dókítà ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó ku tiwa.

Nígbà ìbéèrè, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní: "Bàbá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Mo bi í bóyá ó mọ ọkùnrin tó máa ń jókòó lórí páálí ní ọ̀nà Kútọ̀, níbi tí a máa ń kọjá tí a bá ń bọ̀ wá sí ìsìn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. A fi ìsọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, àwa méjèèjì gba ọ̀nà Kútọ̀ lọ.